Àpótí Ẹ̀pà Tó Dé Iwájú Àwọn Aláṣọ Pupa

Òórùn èédú àti ti èèpo ẹ̀pà ló máa ń kọ́kọ́ pàdé èèyàn ní ẹsẹ̀ òkè tí ilé àgbẹ̀dẹ àna mi wà ní Ìdáàṣà, kí ojú tó rí iná rárá. Ti èédú á ta ọ́ nímú, ti ẹ̀pà á sì rọra tẹ̀ lé e bí àbúrò tó ń bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó burú lẹ́nu. Inú òórùn yẹn ni mo ti gbéra lọ sí Kútọnu lọ́jọ́ tí àwọn adájọ́ márùn-ún tó ga jù lọ ní gbogbo Dàhòmè dìde dúró fún mi pẹ̀lú ẹ̀wù pupa wọn. Olórí wọn ṣí fìlà, ó ní kí n dákun wá kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń pa ẹ̀pà. Mo ní kó kọ́kọ́ jókòó ná. Ó jókòó. Ọ̀rẹ́ mi, má tíì rẹ́rìn-ín; jẹ́ kí n rò ó fún ọ débi tó parí sí, ìwọ náà á wá mọ ibi tó yẹ kí o ti rẹ́rìn-ín.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira ni, nígbà tí ìjọba wa ń yí padà bí ẹni tí oorun kò kùn tó ń yí ẹ̀gbẹ́ lórí ẹní. Èmi nígbà yẹn, mo ń gun kẹ̀kẹ́ ra ẹ̀pà ká oko Lẹ̀má àti Kpíngní fún àwọn oníṣòwò ọjà Ìdáàṣà. Mo ti lọ sílé ìwé àwọn fàdá fún ọdún mẹ́rin, títí tíṣà fi sọ pé ohun tí orí mi lè gbà ti kún. Faransé tí mo gbọ́ tó láti fi bú èèyàn, kò tó láti fi bẹ èèyàn. Ṣùgbọ́n ẹnu mi dùn. Wọ́n máa ń sọ ní ọjà pé bí mo bá ra àpò ẹ̀pà kan, kí n tó dé ilé á ti di mẹ́ta. Ìyàwó mi ló sì máa ń sọ pé, “Bí o bá ní òjò ń rọ̀, aṣọ ni mò ń sá.”

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi yìí ni alágbẹ̀dẹ tí ọ̀rọ̀ dá lé. Ẹ̀gbọ́n náà ni mo ń pè é títí ó fi kú. Ọkùnrin tó gbòòrò ní èjìká, tó tín-ín-rín ní ọ̀rọ̀. Bí o bá kí i ní “ẹ kú iṣẹ́,” ó lè tó ìgbà tí irin bá tutù kó tó dá ọ lóhùn. Ìyá wọn ti fi ọwọ́ pa ẹ̀pà fún àwọn oníṣòwò láti kékeré, títí àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún wọn fi là bí ilẹ̀ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ní ọdún kan tí ẹ̀pà so gan-an, Ẹ̀gbọ́n rí Ìyá tí wọ́n ń fi ìka mẹ́ta bu iyán, tí òkèlè náà ń já bọ́ kó tó dé ẹnu. Ó dìde, ó fi oúnjẹ tirẹ̀ sílẹ̀, ó padà sí ìdí ẹwìrì. Odindi ẹ̀ẹ̀rùn kan ni kò fi rọ ọkọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ohun tó gbé jáde nígbà tó yá jẹ́ àpótí igi ìrókò kan, gíga rẹ̀ tó ibi ìgbáròkó àgbàlagbà. Ó ní ẹnu lókè tí a ń da ẹ̀pà sí, ó ní ẹnu nísàlẹ̀ tí ó ń gbà jáde, ó sì ní ọwọ́ irin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí a ń yí. Inú rẹ̀ ni ọgbọ́n wà. Àwọn alágbẹ̀dẹ mìíràn ti gbìyànjú rí, ṣùgbọ́n irin ni wọ́n fi ń lọ̀ ọ́ mọ́ irin, ẹ̀pà á wá fọ́ sí wẹ́wẹ́ bíi gààrí. Ẹ̀gbọ́n wá ẹsẹ̀ ọkọ̀ ẹrù kan tó ti gbó, ó gé róbà rẹ̀, ó fi ọ̀bẹ gbígbóná fa ilà sí i lára bí egungun ẹja, ó fi bo igi róbótó kan, ó sì gbé e sórí asẹ́ onírin. Bí róbà yẹn bá ń yí lórí asẹ́, ṣe ló máa ń fún ẹ̀pà bí ìgbà tí èèyàn ń fún un. Èèpo á là, ọmọ inú rẹ̀ kò ní fara gbọgbẹ́. Ó sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé àtàǹpàkò ìyá òun lòun ń wá kiri, inú ẹsẹ̀ mọ́tò lòun ti wá rí i. Ọ̀rọ̀ tó gùn jù tí mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ lọ́dún yẹn nìyẹn. Ó wá kan àpótí náà ní ìṣó yíká, kí ìka ọmọdé má baà wọ inú rẹ̀. Èmi, ní tèmi, mo ń kiri gbogbo Kpíngní, mo ń sọ fún wọn pé ẹni tó bá da ẹ̀pà sí i kó tètè yàgò, kó má baà bọ́ aṣọ lọ́rùn rẹ̀.

Ní ilé àgbẹ̀dẹ tiwọn, àṣà kan wà. Irinṣẹ́ tuntun kì í bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kí ìlú tó fọwọ́ kàn án. Wọ́n á gbé e síta ní ojúmọmọ, ẹnì kan láti agboolé kọ̀ọ̀kan á lò ó díẹ̀, gbogbo wọn á sì jẹ nínú ohun tó bá jáde. Lójú tiwa, ẹni tó ni nǹkan ló ń gbé e síta. Ẹni tó jí i ló ń bò ó mọ́lẹ̀. Nítorí náà, ní oṣù Ògọ́ọ̀sì, nígbà tí àwọn èrò láti ibi gbogbo wá sí ihò àpáta Màríà ní Arigbo, Ẹ̀gbọ́n gbé àpótí rẹ̀ lọ sí abẹ́ igi kan lẹ́bàá ọ̀nà. Wọ́n yí i láti àárọ̀ títí oòrùn fi kọjá àtàrí. Àwọn arúgbó tó wá gbàdúrà fún ẹsẹ̀ wọn gbàgbé ẹsẹ̀, wọ́n ń du ọwọ́ irin. Fàdá ìjọ wa náà yí i, ó jẹ ẹ̀pà, ó nu ọwọ́, ó wá béèrè lọ́wọ́ Ẹ̀gbọ́n bóyá ó ti fi nǹkan yìí sínú ìwé. Ó ní ìwé kan wà tí àwọn onífaransé ń pè ní bùrẹ́fẹ̀, pé ẹni tó bá hùmọ̀ nǹkan, ìwé yẹn ló ń sọ pé òun ló ni í, tí ẹlòmíràn kò fi ní lè ṣe irú rẹ̀ tà láìgba àṣẹ. Fàdá bá wa kọ ọ́, ó ya àwòrán inú àpótí sí i. Àmọ́ kí a tó rí gbogbo ohun tí wọ́n ń béèrè, kí ìwé tó gbéra, oṣù mẹ́ta ti lọ lórí ọjọ́ Arigbo. Rántí oṣù mẹ́ta yẹn, ọ̀rẹ́ mi. Òun ló dá gbogbo wàhálà sílẹ̀.

Ìwé náà dé, ó ní òǹtẹ̀, Ẹ̀gbọ́n fi sínú àpótí aṣọ rẹ̀. Kò pẹ́ sígbà yẹn ni ọkùnrin kan tó ní ilé iṣẹ́ irin ní Kútọnu fi mọ́tò ara rẹ̀ wá. Ó yin Ẹ̀gbọ́n, ó jẹ iṣu wa, ó ra àpótí kan, ó dì í mọ́ ẹ̀yìn mọ́tò bí ẹni gbé ìyàwó lọ. Ọdún kò yípo tí àpótí ẹ̀pà aláwọ̀ ewé fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ látinú ọkọ̀ ojú irin ní ibùdókọ̀ Ìdáàṣà, orúkọ ọkùnrin yẹn gàdàgbà lára wọn ní ọ̀dà funfun. Róbà ẹsẹ̀ mọ́tò wà nínú rẹ̀, ilà bí egungun ẹja wà lára róbà náà. Ó ń tà á ní Bohíkọn, ó ń tà á ní Ṣábẹ̀ẹ́, ó ń tà á ní ọjà tiwa gan-an. Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ rẹ̀ pe àpótí náà. Ìyá kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n wọ́n rí ọ̀dà funfun yẹn, wọ́n sì béèrè lọ́wọ́ ọmọ wọn pé, “Orúkọ ta ni wọ́n kọ sára àtàǹpàkò mi yìí?” Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn ló gbé Ẹ̀gbọ́n dé ilé-ẹjọ́. Bí wọ́n bá ti bú u ni, ì bá dákẹ́.

Ní ilé-ẹjọ́ àkọ́kọ́, ní Kútọnu, agbẹjọ́rò ọkùnrin náà kò tilẹ̀ jiyàn pé wọ́n wo tiwa ṣe. Ohun tó sọ ni pé òfin ìwé yìí ní kí ohun tí èèyàn hùmọ̀ jẹ́ tuntun lọ́jọ́ tó kọ ìwé sí i; pé ohun tí gbogbo èrò Arigbo ti yí ní oṣù mẹ́ta ṣáájú kì í ṣe tuntun mọ́; pé ìwé Ẹ̀gbọ́n ti di òfo, ẹni tó bá wù ló lè ṣe àpótí. Ogbufọ̀ ń tú u fún wa, àmọ́ kò wọ̀ mí létí bó ṣe yẹ. Ohun tí mo gbọ́ ni pé wọ́n ń fẹ́ sọ pé àpótí kì í ṣe ti Ẹ̀gbọ́n. Nígbà tí wọ́n wá pè mí ní ẹlẹ́rìí, mo tún kóòtù tí mo yá wọ̀ ṣe, mo ní lónìí ni ilé ayé yóò gbọ́. Mo sọ pé ojú gbogbo ìlú ló ṣe é. Mo ní èmi fúnra mi ni mo fi ìdí òòlù yọ ìṣó, tí mo ṣí àpótí náà sílẹ̀ gbayawu, tí mo fi inú rẹ̀ han tọmọdé tàgbà, tí afọ́jú méjì fi ọwọ́ kan róbà náà tí wọ́n sì mọ̀ ọ́n. Bí mo ṣe rí i pé wọ́n dákẹ́, mo fi kún un pé òkè mọ́kànlélógójì Ìdáàṣà ló tẹ̀ ba láti wò ó, àti pé àṣá kan já wálẹ̀, ó yí ọwọ́ irin náà lẹ́ẹ̀mẹta, ó gbé ẹ̀pà tirẹ̀ lọ. Agbẹjọ́rò ọkùnrin Kútọnu rẹ́rìn-ín músẹ́, ó tẹrí ba fún mi, ó ní òun dúpẹ́ gidigidi. Èmi náà tẹrí ba fún un. Mo rò pé mo ti borí.

A pàdánù. Wọ́n ní ìwé Ẹ̀gbọ́n ti di òfo. Nínú ọkọ̀ ojú irin tí a wọ̀ padà sílé, Ẹ̀gbọ́n kò wo ojú mi títí a fi kọjá Bohíkọn. Nígbà tó wá ṣe, ó bi mí pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, “Àna mi, ṣé o ṣí i lóòótọ́?”

Mo ní, “Rárá, Ẹ̀gbọ́n. Mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé tiyín ni.”

Ó mi orí. Kò bú mi, kò ṣépè, kò tilẹ̀ kẹ́dùn. Ó yọ iṣu sísun látinú àpò rẹ̀, ó dá a sí méjì, ó fún mi ní èyí tó tóbi. Ọ̀rẹ́ mi, ìlẹ̀kẹ̀ iná ni ì bá fi sí mi lọ́rùn, ì bá sàn jù. Ìyàwó mi kò ṣe bíi tirẹ̀. Ó ní olè Kútọnu jí àpótí, ṣùgbọ́n èmi ni mo ru ú dé ẹnu ọ̀nà fún un. Nígbà tí ilé-ẹjọ́ kejì, tó wà fún ẹni tí ìdájọ́ àkọ́kọ́ kò tẹ́ lọ́rùn, tún wí bákan náà, odindi ọjọ́ márùn-ún ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀. Agbẹjọ́rò tí a ní nígbà yẹn sọ pé kí a lọ sùn. Àwọn èèyàn ọjà ní kí Ẹ̀gbọ́n gba kámú, kó máa rọ ọkọ́ rẹ̀. Ó tẹ́tí sí gbogbo wọn, ó fẹ́ ẹwìrì, ó sì béèrè lọ́wọ́ Fàdá bóyá ibì kan ṣì kù.

Ibì kan ló kù, òun ló sì ga jù lọ: ilé-ẹjọ́ tí kò sí òmíràn lókè rẹ̀ ní gbogbo orílẹ̀-èdè. Fàdá ní a ní láti gbé agbẹjọ́rò tó mọ ọ̀nà ibẹ̀, ó sì fi wá ránṣẹ́ sí bàbá kan ní Ajàṣẹ́, agbẹjọ́rò àgbà tó ń sọ Yorùbá Ajàṣẹ́ tó dùn bí oyin. Mẹ́tìrì ni gbogbo èèyàn ń pè é, bí wọ́n ṣe ń pe àwọn agbẹjọ́rò lọ́dọ̀ wa. A gbé iṣu Ìdáàṣà lọ fún un, ó sì ní iṣu yẹn ti tó owó iṣẹ́, pé ọjọ́ ti pẹ́ tí òun ti jẹ iyán tó fa. Ilé rẹ̀ ń rùn bí ìwé àtijọ́ àti ẹja ọ̀sà. Kí ó tó ṣí ìwé wa rárá, mo ti dọ̀bálẹ̀. Mo ní kó mú mi dé iwájú àwọn àgbà adájọ́ yẹn, kí n jẹ́wọ́ fún wọn pé irọ́ ni mo pa, pé ìṣó àpótí náà kò kúrò níbi tó wà.

Mẹ́tìrì ní kí n dìde. Ó ní, “Wọn ò ní gbọ́ ẹ, ọmọ mi. Kì í ṣe pé wọ́n kórìíra ẹ o. Ilé-ẹjọ́ yẹn kì í béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Kì í gbọ́ ẹlẹ́rìí, kì í wo ẹ̀pà. Àwọn adájọ́ tó wà nísàlẹ̀ ló ń bi léèrè: ohun tí òfin ní kí ẹ yẹ̀ wò, ṣé ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó dájọ́?” Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé mo gbé. Irọ́ tí mo ti kàn mọ́ ẹjọ́ yẹn, kò sí òòlù tí yóò yọ ọ́ mọ́. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ilé onílé. Ẹ̀gbọ́n gbé ọwọ́ lé mi léjìká.

Mẹ́tìrì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé ìdájọ́ méjèèjì. Ó ka àkọ́kọ́ tán, ó padà sí ojú ewé kan, ó bọ́ gíláàsì, ó wò mí, ó tún gíláàsì wọ̀. Ló bá bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ìyàwó rẹ̀ fi yọjú láti ilé ìdáná. Ó wá tú ohun tí adájọ́ kọ nípa mi fún wa: pé ẹlẹ́rìí yìí sọ pé ẹyẹ yí ẹ̀rọ, pé òkè sì tẹ̀ ba, nítorí náà òun kò ní gbé ohunkóhun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ yẹ̀ wò rárá, ì báà ṣe rere, ì báà ṣe búburú. Ilé-ẹjọ́ kejì náà fò mí dá. Kò sí ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé wọ́n ṣí àpótí. Kìkì ohun tí wọ́n gbé ìdájọ́ lé ni pé wọ́n gbé e síta, pé èrò sì yí i.

“Ká ní o pa irọ́ kékeré ni,” Mẹ́tìrì sọ bó ṣe ń nu ojú, “ẹjọ́ ì bá ti kú. Àṣá yẹn ló yọ yín.”

Ọdún kan àti oṣù díẹ̀ ni mo fi ru ẹ̀bi yẹn, tí mi ò lè jẹun kánú, kí n tó mọ̀ pé kò sẹ́ni tó gbà mí gbọ́. Mi ò mọ̀ bóyá kí n yọ̀ tàbí kí ojú tì mí. Ẹ̀gbọ́n ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín nínú wa, ó rọra bẹ̀rẹ̀, ó wá di ńlá, èjìká rẹ̀ ń mì bí ẹwìrì. Mi ò tíì rí ẹ̀rín yẹn láti ìgbà tí ọ̀dà funfun ti dé.

Mẹ́tìrì wá fi ibi tí a ó bá wọn hàn wá, ọ̀nà tó gbà là á fún wa ṣì wà lórí mi títí dòní. Ó ní òfin kò sọ pé ohun tí ojú bá ti rí kì í ṣe tuntun mọ́. Ó sọ pé ohun tí wọ́n bá ti fi hàn débi pé oníṣẹ́ mìíràn lè ti ibẹ̀ ṣe irú rẹ̀ ni kì í ṣe tuntun mọ́. Ta ló lè dúró sí ìta àpótí tí wọ́n kàn ní ìṣó, kó rí ilà tó wà lára róbà inú rẹ̀? Èrò Arigbo rí ẹ̀pà tó wọlé, wọ́n rí ẹ̀pà tó jáde. Adájọ́ méjèèjì yẹ kí wọ́n béèrè ohun tí èrò rí gan-an kí wọ́n tó ní ìwé di òfo. Wọn kò béèrè. Ó fi odindi ọ̀sẹ̀ kan kọ ọ́, ojú ewé mẹ́fà péré, ó ní àwọn àgbà adájọ́ kì í fẹ́ràn ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ̀gbọ́n ní òun gba tiwọn.

Lọ́jọ́ tí wọ́n pe ẹjọ́ náà, a gbé àpótí náà wọ ọkọ̀ ojú irin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Mẹ́tìrì ti sọ fún wa pé kò wúlò níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ní ohun tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ sọ̀rọ̀ kò gbọ́dọ̀ jìnnà sí ibi tí wọ́n ti ń sọ ọ́. Atẹ́gùn òkun ń fẹ́ wá, ó ní iyọ̀ nínú. Ilẹ̀ ilé-ẹjọ́ yẹn ń dán débi pé mo rí eyín ara mi nínú rẹ̀. Àga wọn ga, ẹ̀wù wọn pupa bí irin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú iná jáde, ohùn wọn sì rẹlẹ̀ bí ti àwọn tó ń gbàdúrà. Mẹ́tìrì dìde, ó sọ̀rọ̀ tí kò gùn ju ìgbà tí èèyàn fi ń fi ọwọ́ pa ẹ̀pà agbọ̀n kékeré kan. Agbẹjọ́rò ọkùnrin Kútọnu náà sọ tirẹ̀. Kò sẹ́ni tó pariwo, kò sẹ́ni tó bú èèyàn. Ibẹ̀ ni mo ti wá ro pé àwọn àgbà márùn-ún tó di ọ̀ràn orílẹ̀-èdè mú ló jókòó nítorí róbà ẹsẹ̀ mọ́tò ogbó kan, wọ́n sì ń yí i wò lọ́kàn wọn jẹ́jẹ́ bí ẹni gbé ẹyin. Ìjọba ń ṣubú, ìjọba ń dìde, àwọn wọ̀nyí jókòó ti àtàǹpàkò ìyá arúgbó kan ní Ìdáàṣà.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, ìdájọ́ jáde. Wọ́n fagi lé ìdájọ́ ilé-ẹjọ́ kejì nítorí ìbéèrè tí kò béèrè yẹn. Wọn kò sọ pé Ẹ̀gbọ́n ló ni àpótí. Mẹ́tìrì ní iṣẹ́ wọn kọ́ nìyẹn. Wọ́n dá ẹjọ́ padà pé kí àwọn adájọ́ mìíràn gbọ́ ọ, kí wọ́n sì béèrè ohun tó yẹ. Níbẹ̀ ni wọ́n ti tún pè mí. Ìyàwó mi bá mi lọ lọ́tẹ̀ yìí, ó jókòó síbi tí ojú rẹ̀ ti lè bá tèmi. Mi ò yá kóòtù ẹnikẹ́ni wọ̀. Adájọ́ bi mí bóyá wọ́n ṣí àpótí ní Arigbo. Gbogbo àṣá inú mi ló ń gbọn ìyẹ́, wọ́n fẹ́ jáde. Mo wo Ẹ̀gbọ́n, mo wo ọwọ́ rẹ̀ tó gbé lé orúnkún.

Mo ní, “Wọn ò ṣí i, olúwa mi. Ìṣó wà lára rẹ̀ láti àárọ̀ títí a fi gbé e padà sílé.”

Ó béèrè bóyá mo ní nǹkan mìíràn láti sọ. Mo ní rárá. Kò sí ẹrù tí mo gbé rí lórí kẹ̀kẹ́ tó wúwo tó “rárá” yẹn. Wọ́n wá bi ọkùnrin Kútọnu pé bó bá jẹ́ pé wíwò lásán tó, kí ló dé tó fi ra àpótí kan tó sì tú u kó tó lè ṣe tirẹ̀. Ó mu omi. Ó tún mu omi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ìwé Ẹ̀gbọ́n di ìwé padà, ọ̀dà funfun sì kúrò lára àpótí.

Àwọn ará ọjà rò pé Ẹ̀gbọ́n yóò kọ orúkọ ara rẹ̀ síbẹ̀. Kò kọ ọ́. Ó ní kí Ìyá fi àtàǹpàkò wọn kan eérú tútù, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ pákó pẹlẹbẹ kan. Ó fín àmì náà sára irin kan, ó ń fi irin gbígbóná yẹn jó ara gbogbo àpótí tó bá jáde. Ilà tó là níbẹ̀ hàn kedere, bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn. Ọ̀kan ṣì wà nílé mi. Àwọn ọmọ-ọmọ mi a máa fi ìka tọ ilà náà. Mo sì ti sọ fún wọn pé àmì ẹsẹ̀ àṣá ni.

Ó kù ọ̀kan, màá sì sọ ọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Adájọ́ kankan kò dìde fún mi. Mi ò kọ́ ẹnikẹ́ni bí wọ́n ṣe ń pa ẹ̀pà. Ilẹ̀ tó ń dán yẹn, Ẹ̀gbọ́n ló sọ ọ́ fún mi, nínú ọ̀rọ̀ bíi mẹ́rin. Mẹ́tìrì ló sọ ìyókù. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà kọ̀ kí àpótí wọlé, ẹnì kan sì ní láti ṣọ́ ọ. Èmi ni. Abẹ́ igi èbèlèbò kan ni mo jókòó sí, mo gbé ẹ̀yìn ti àpótí náà, mo sì rí ìṣẹ́tí ẹ̀wù pupa kan gba ojú fèrèsé. Wọ́n dìde lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilé ni wọ́n ń lọ. Ìyókù bó ṣe rí ni mo ṣe sọ ọ́: ìṣó náà, iṣu tí ó dá sí méjì, àti ọkùnrin tí mo fẹ́ fi irọ́ ràn lọ́wọ́, tó fi sùúrù dúró títí òtítọ́ fi dé ẹnu mi. Mi ò wọ inú ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ yẹn. Ìta ni mo wà.